Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Ìyá Tíṣà: Iṣu sísè kò ní oníbodè mọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Lẹ́tà márùn-ún ni mo mú nínú àwọn tó dé lóṣù yìí. Àwọn tó kọ wọ́n kò mọra, àmọ́ ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn wá kàn. Ọmọ ilé ìwé kan béèrè ọ̀rọ̀ iṣu, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan fẹ́ mọ ìdí tí ọjà rẹ̀ fi ń rọ, abiyamọ kan ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ ṣúgà, bàbá kan ní ìlú òyìnbó ń wo epo pupa tó dì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì fẹ́ gbọ́ nípa ibà àwọn ará India. Awọ sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìbora fẹ́lẹ́ tó bo àwọn yàrá kéékèèké tí ara ohun alààyè fi ń ṣe, ló ni gbogbo ẹjọ́ yìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní bàọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn tó èyí, kò sì sí èyí tí mo kọ́kọ́ kọ́ wọn lódì tó o. Màá jẹ́wọ́ tí a bá débẹ̀.

*

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ SS2 ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tíṣà wa gé iṣu mẹ́ta, wọ́n gbẹ́ inú wọn bí ife. Wọ́n da omi ṣúgà sínú iṣu tútù kan, wọn ò da nǹkan kan sínú ìkejì, wọ́n sì se ìkẹta kí wọ́n tó da omi ṣúgà sí i. Wọ́n wá gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú abọ́ omi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, omi inú àkọ́kọ́ ti ga sókè, àmọ́ ti iṣu sísè kò ga rárá. Tíṣà ní kí a kọ ọ́ pé osmosis, ìyẹn bí omi ṣe ń gba awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá lọ síbi tí ṣúgà tàbí iyọ̀ ti pọ̀, kì í ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ti kú. Mo béèrè ìdí, wọ́n ní bí WAEC ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí gan-an ni iná bà jẹ́ nínú iṣu yẹn?

Ọmọ mi, ìbéèrè gidi lo béèrè. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi WAEC pa á mọ́ ọ lẹ́nu.

Èmi náà ti ṣe iṣẹ́ iṣu yìí ju ogún ìgbà lọ. Ọdún kan wà tí a kò ní bíkà kankan, abọ́ ike tí mo rà lọ́jà ni a lò. Mo kó iṣu fún bàbá tó ń tọ́jú láàbù pé kí wọ́n bá mi sè é. Nígbà tí mo padà dé, iṣu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, epo sì wà lẹ́nu bàbá. Wọ́n ní àwọn rò pé oúnjẹ ọ̀san ni mo fi ṣe wọ́n lálejò. Lọ́dún yẹn, ẹnu ni mo fi ṣàlàyé iṣu sísè fún kíláàsì.

Jẹ́ ká wọ inú iṣu. Sẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ara rẹ̀, wọ́n tò jọ bí yàrá nínú agbo ilé. Sẹ́ẹ̀lì iṣu kọ̀ọ̀kan ní ìbora méjì. Èyí tó wà lóde jẹ́ ògiri, ó le, òun ló mú kí iṣu dúró bí iṣu. Ògiri yìí kì í yan ẹni tí yóò kọjá. Bí ọgbà ọparun ló rí: ewúrẹ́ lè má ráyè, àmọ́ atẹ́gùn, omi àti iyanrìn ń gbà á kọjá bó ṣe wù wọ́n. Omi ń kọjá nínú ògiri sẹ́ẹ̀lì, ṣúgà náà ń kọjá. Iná kì í run ògiri yìí tán, ìdí nìyẹn tí o fi lè fi ọwọ́ mú iṣu sísè láìjẹ́ pé ó dà bí ẹ̀kọ mímu. Odó àti ọmọ odó ló ń parí ìyẹn.

Ìbora kejì ló ni ẹjọ́ wa, ìyẹn awọ sẹ́ẹ̀lì, tó wà lábẹ́ ògiri. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo máa ń gbé ọ̀rá búrẹ́dì sókè níwájú kíláàsì, màá ní, “Ẹ wò ó, bí awọ sẹ́ẹ̀lì ṣe rí nìyí, ọ̀rá ni.” Ọ̀rọ̀ tí mo sọ tọ̀nà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni mo gbé gba ibòmíràn. Ọ̀rá ni lóòótọ́, àmọ́ irú ọ̀rá tó wà lára ẹran ni, èyí tó ń yọ́ lórí ọbẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́fà kí n tó rí i pé àwọn ọmọ tí mo kọ́ ń lọ sílé pẹ̀lú ọ̀rá búrẹ́dì lórí.

Ẹyọ ọ̀rá inú awọ yìí kọ̀ọ̀kan ní orí kan àti ìrù gígùn méjì. Orí fẹ́ràn omi, ìrù kò fẹ́ rí omi sójú. Bẹ́ẹ̀ omi ló wà lóde sẹ́ẹ̀lì, omi náà ló wà nínú rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe é? Wọ́n á tò sí ìlà méjì, bí ènìyàn tó sùn lórí ẹní tí wọ́n kọ àtẹ́lẹsẹ̀ síra wọn: orí ìlà kan kọjú sóde, orí ìlà kejì kọjú sínú, gbogbo ìrù wá fara pamọ́ sáàárín níbi tí omi kò dé. Ẹnikẹ́ni kò rán an, ẹnikẹ́ni kò lẹ̀ ẹ́. Bí o bá fi ṣíbí la epo tó léfòó lórí ọbẹ̀, wò ó bó ṣe máa padà wá pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni awọ yìí ṣe ń di ojú ara rẹ̀ tí nǹkan kékeré bá gún un. Ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a bá to 10,000 irú rẹ̀ léra wọn, wọn kò ní nípọn tó ojú ìwé kan.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ìlà méjì ni? Ní ọdún 1925, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ Evert Gorter àti akẹgbẹ́ rẹ̀ François Grendel, ní ìlú Leiden ní Netherlands, yọ ọ̀rá kúrò lára sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sójú omi, wọ́n sì wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ara sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ ọ́. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àṣìṣe méjì ni wọ́n ṣe. Wọn ò yọ ọ̀rá náà tán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wọn ara sẹ́ẹ̀lì kéré sí bó ṣe rí. Àṣìṣe méjèèjì pàdé, wọ́n pa ara wọn rẹ́, òótọ́ wá jáde. Má gbìyànjú irú ẹ̀ ní WAEC o.

Tó bá jẹ́ ọ̀rá nìkan ló wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ò bá ti kú. Oúnjẹ ò ní ráyè wọlé, ìdọ̀tí ò ní ráyè jáde. Ẹnu ọ̀nà ló wà káàkiri ara rẹ̀, prótéènì sì ni wọ́n fi ṣe gbogbo wọn. Ní ọdún 1972, Singer àti Nicolson ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé àwọn prótéènì yìí kò dúró sójú kan bí fèrèsé ilé. Wọ́n ń léfòó nínú ọ̀rá, wọ́n ń rìn kiri nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń gbà wọlé. Ti omi wà lọ́tọ̀. Peter Agre àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Baltimore ló fìdí tirẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1992: wọ́n mú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ilẹ̀ Áfíríkà kan, wọ́n mú kí ó hu prótéènì náà sára, wọ́n jù ú sínú omi lásán. Ẹyin náà wú, ó bẹ́ bí gúgúrú. Ẹyin tí kò ní prótéènì náà dúró jẹ́ẹ́ nínú omi kan náà. Nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta ẹyọ omi ló ń gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yìí kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Agre gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2003.

Padà sí iṣu rẹ báyìí. Nínú iṣu tútù, omi ráyè kọjá lára awọ, àmọ́ ṣúgà kò ráyè. Ṣúgà tóbi ju omi lọ, àárín ọ̀rá kò sì gbà á lálejò. Omi inú abọ́ wá ń wọ́ gba sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì lọ síbi tí ṣúgà wà, títí tí omi inú ife fi ga. Nínú iṣu sísè, iná ti ya awọ náà, ó sì ti se prótéènì ara rẹ̀. O ti rí ẹyin tí wọ́n sè: funfun inú rẹ̀ tó ń ṣàn á dì, kò sì lè padà ṣàn mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníbodè iṣu rẹ nìyẹn. Ṣúgà ń jáde bó ṣe wù ú, omi ń wọlé bó ṣe wù ú, kò sí ẹni tó ń dá ẹnì kankan dúró. Níbi tí ṣúgà kò ti sí lẹ́yìn odi mọ́, kí ni omi fẹ́ wọ́ lọ síbẹ̀ ṣe? Tó bá jẹ́ inú ilé ìdáná mi ni, ǹ bá ní kí o tọ́ omi inú abọ́ iṣu sísè wò kí o gbọ́ adùn ṣúgà níbẹ̀. Àmọ́ láàbù ni, a kì í tọ́ nǹkan wò ní láàbù. (Bàbá tó jẹ iṣu mi kò gbọ́ ìyẹn.)

Ní ìdánwò, kọ ohun tí tíṣà rẹ sọ, kí o wá fi èyí kún un: “nítorí pé ooru ti ba awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́, kò sì lè yan ohun tó ń kọjá mọ́.”

*

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ni mo ń tà ní Bódìjà. Tó bá di ọwọ́ ọ̀sán wọ́n á rọ. Tí mo bá wọ́n omi sí wọn, wọ́n á jí. Àmọ́ àwọn mìíràn wà tí mo lè wọ́n gbogbo omi Ìbàdàn sí, wọn ò ní jí. Kí ló fà á?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ kú ọjà o. Omi tó kún inú sẹ́ẹ̀lì ló ń tì í láti inú, tó ń jẹ́ kí ewé dúró ṣánṣán, bí atẹ́gùn ṣe ń mú táyà kẹ̀kẹ́ dúró. Oòrùn fa omi náà lọ, táyà rọ̀. Tí ẹ bá wọ́n omi sí i, awọ sẹ́ẹ̀lì á gba omi wọlé, nítorí iyọ̀ àti ṣúgà inú ewé ṣì wà níbẹ̀ tó ń fà á. Èyí tí kò jí mọ́, awọ rẹ̀ ló ti ya. Táyà tó jò ni, ẹ má fi omi yín ṣòfò lé e lórí.

Ẹ máa bò wọ́n láti àárọ̀, ẹ má dúró di ọ̀sán. Ẹ má sì jẹ́ kí omi tí ẹ ń wọ́n ní iyọ̀ nínú. Àwọn tó ń fi iyọ̀ bọ ewúro mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe: òde ni iyọ̀ wà, òde náà ni omi inú ewé á sá tọ̀ ọ́ lọ, ewé á sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.

*

Ẹ kú àìsimi o, mà. Ọmọ mi ọlọ́dún kan ààbọ̀ yàgbẹ́ gbuuru láìpẹ́ yìí. Nọ́ọ̀sì ní kí n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi kí n máa fún un mu. Ìyá ọkọ mi gba ife lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, pé kí n fi iyọ̀ nìkan po ó. Mo ṣe bí wọ́n ṣe wí, kí ìjà má baà dé. Ọlọ́run bá mi ṣe é, ara ọmọ ti yá. Àmọ́ mo fẹ́ mọ̀: kí ni iṣẹ́ ṣúgà níbẹ̀? Ṣé kí ó lè dùn lẹ́nu ọmọ ni? Láti Ọ̀yọ́.

Ẹ kú ewu ọmọ o, abiyamọ. Ọlọ́run á dá a sí. Màmá kò ní ìkà nínú, mo sì ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí wọn. Àmọ́ nọ́ọ̀sì ló jàre.

Omi kì í dá wọ inú ara láti inú ìfun. Iyọ̀ ni omi ń tẹ̀ lé. Ibi tí iyọ̀ bá lọ ni omi ń lọ, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ fún Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí omi wọ ara ọmọ, kí ó wá bí iyọ̀ ṣe máa wọlé ná. Lára awọ sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ìfun, ẹnu ọ̀nà kan wà tí ìwà rẹ̀ yàtọ̀. Oníbodè ibẹ̀ kì í ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà tó bá dá wá, kì í sì í ṣí i fún iyọ̀ tó bá dá wá. Àfi kí wọ́n jọ dé: sódíọ̀mù méjì láti inú iyọ̀, pẹ̀lú gúlúkóòsì kan láti inú ṣúgà. Wọ́n á jọ wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Robert Crane ló kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí ní ìpàdé kan ní ìlú Prague ní ọdún 1960. Kọ́kọ́rọ́ ni ṣúgà jẹ́ o. Adùn ẹnu ọmọ kàn bá a rìn ni.

Ẹ lè bi mí pé kí ló ń mú sódíọ̀mù fẹ́ wọlé. Nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì ni. Ẹ̀rọ kan wà lára awọ náà tó ń lé e síta tọ̀sántòru, ó ń lé sódíọ̀mù mẹ́ta jáde, ó ń mú pòtásíọ̀mù méjì wọlé. Ara ẹsẹ̀ akàn ni Jens Skou ti rí ẹ̀rọ yìí ní Denmark lọ́dún 1957, akàn etí òkun lásán. Ogójì ọdún kọjá kí wọ́n tó fún un ní Ẹ̀bùn Nobel. Ẹni tó bá ní sùúrù ni akàn ń ṣe lóore.

Àrùn onígbáméjì ló jẹ́ ká mọ iyì ọ̀rọ̀ yìí. Májèlé kòkòrò onígbáméjì ń mú kí ìlẹ̀kùn kílóráìdì, èkejì sódíọ̀mù nínú iyọ̀, ṣí gbayawu sínú ìfun, kò sì ní í lè padé. Iyọ̀ ń tú jáde, omi ń tẹ̀ lé e, ènìyàn á gbẹ láàárín wákàtí mélòó kan. Àmọ́ májèlé náà kò fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn iyọ̀-pẹ̀lú-ṣúgà. Ó ṣì ń ṣí. Ní ọdún 1971, ogun lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní ibi tó di Bangladesh lónìí sá wọ India. Onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ Bangaon, omi tí wọ́n ń fà sínú iṣan tán. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti gúlúkóòsì sínú dúrọ́ọ̀mù, kí àwọn ẹbí máa bù ú fún aláìsàn mu. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, nǹkan bí ọgbọ̀n ló ń kú tẹ́lẹ̀. Iye náà wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà, kí ẹ má baà rò pé ìyá ọkọ yín nìkan ló ń ṣì í pò. Àkọ́bí mi yàgbẹ́ gbuuru ní ọdún 1985. Mo ti gbọ́ nípa omi iyọ̀ àti ṣúgà, mo ní iyọ̀ ló lágbára jù, mo bu ṣíbí iyọ̀ tó kún gògòrò. Ìgbẹ́ ọmọ tún pọ̀ sí i. Nígbà tí mo gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tọ́ omi inú ife mi wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ fi ọmọ yìí ṣe ẹja oníyọ̀ ni?” Omi tó ní iyọ̀ jù ń fa omi ara ọmọ sínú ìfun, ó sì lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní osmosis o!

Ṣúgà tó pọ̀ jù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ màmá: omi tó dùn bí míńrà á tún mú ìgbẹ́ gbuuru náà le sí i. Nítorí náà, ìwọ̀n ni. Omi mímọ́ lítà kan, ìyẹn ọ̀rá omi méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára (ẹ wo nọ́ńbà náà, àwọn mìíràn jẹ́ 60cl). Ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kí ó tẹ́jú. Ẹ tọ́ ọ wò kí ọmọ tó mu ún: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omi ojú lọ. Èyí tí wọ́n ti dì sínú páálí ní ilé ìtajà oògùn dára ju ti àfọwọ́pò lọ, kí ẹ sì béèrè síǹkì mọ́ ọn. Ẹ má dá ọmú dúró. Tí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ má dúró pò ó mọ́, ilé ìwòsàn ni.

Ẹ fún màmá kà. Tí wọ́n bá bínú, ẹ ní èmi ni mo wí.

*

Tíṣà, ẹ ǹ lẹ́ o. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni mí, Manchester ni mo ń gbé. Nígbà òtútù, epo pupa tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé á dì gbagidi, àfi kí n fi ṣíbí wà á. Òróró ẹ̀pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa ṣàn ní tirẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní yunifásítì rẹ́rìn-ín, ó ní irú ọ̀rọ̀ yẹn wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì mi, ó ní cholesterol tí dókítà ní kí n ṣọ́ra fún sì wúlò níbẹ̀. Ṣé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?

Bàbá, ẹ kú òtútù o. Ọmọ yẹn kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá mi kí i.

Ẹ rántí ìrù méjì tí mo ní ẹyọ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní. Ọ̀rá inú epo pupa náà ní irú ìrù bẹ́ẹ̀. Nínú epo pupa, nǹkan bí ìdajì ìrù ló gún régé. Ohun tó gún rọrùn láti dì ní ìtì, bí igi ìdáná tí wọ́n là dáadáa. Tí òtútù bá ti mú, wọ́n á fara mọ́ra, epo á dì. Nílé náà, tí ọyẹ́ bá mú, epo ń dì nínú kẹ́ẹ̀gì. Nínú òróró ẹ̀pà, púpọ̀ nínú ìrù ló tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ láàárín. Ta ló rí ìtì igi wíwọ́ tó dì dáadáa rí? Ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣàn. Ẹja inú omi tútù ní ọ̀rá tí ìrù rẹ̀ tẹ̀ púpọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ara wọn ì bá ti le gan.

Awọ sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ máa ṣàn ni, nítorí àwọn oníbodè ń rìn kiri nínú rẹ̀. Ní ọdún 1970, Frye àti Edidin pa sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àti ti eku pọ̀ di ẹyọ kan. Wọ́n fi àwọ̀ kan sàmì sí prótéènì ènìyàn, wọ́n fi òmíràn sàmì sí ti eku. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ ti ènìyàn, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ti eku. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, nínú ìwọ̀n ooru ara, wọ́n ti dàrú mọ́ra pátápátá. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú òtútù tó dín sí ìwọ̀n 15, àwọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dàrú mọ́ra mọ́. Ọ̀rá ti ń dì.

Cholesterol ló wà láàárín àwọn ìrù yìí, iṣẹ́ rẹ̀ sì dà bí iṣẹ́ àgbà láàárín ẹbí. Tí ooru bá mú tí wọ́n fẹ́ máa ta kiri jù, á di wọ́n mú. Tí òtútù bá mú tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ra, á bọ́ sáàárín wọn, kò ní jẹ́ kí wọ́n fara mọ́ra tó láti dì. Láìsí i, awọ sẹ́ẹ̀lì yín kò ní dúró dáadáa. Àmọ́, bàbá, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi lọ bá dókítà yín jà o. Ara yín ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ fúnra rẹ̀. Èyí tí dókítà ń bẹ̀rù ni èyí tó ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìríbi wọ̀, tó wá ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan. Ẹ máa lo oògùn yín.

*

Ọmọ India ni ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ó ní ibà kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó máa ń sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, tó tún máa padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Mo ní mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kí ló dé tí ibà yẹn kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn tiwa kò kéré? Láti Agbára.

Kòkòrò ibà tí ọ̀gá rẹ ń sọ ń jẹ́ Plasmodium vivax. Bàbá ńlá wa ti dáhùn ìbéèrè rẹ: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Mú káàdì ilé ìwòsàn rẹ wá. Wọ́n kọ nǹkan méjì sí i: AA tàbí AS, àti O, A, B tàbí AB. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da méjèèjì pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní genotype, inú sẹ́ẹ̀lì pupa ló wà, lára ohun pupa tó ń gbé atẹ́gùn. Ẹgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn O tàbí A, ara awọ sẹ́ẹ̀lì ló wà, àmì tó yọ síta ni, bí ilà ojú. Àmì mìíràn pọ̀ níbẹ̀ tí wọn kì í kọ sórí káàdì. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Duffy. Orúkọ aláìsàn tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, lọ́dún 1950. Prótéènì ni, ó dúró lára awọ sẹ́ẹ̀lì pupa, ojú rẹ̀ sì wà níta.

Òun gan-an ni vivax ń dì mú kí ó tó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àwa Yorùbá náà wà nínú wọn, kò sí Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa rárá. Kòkòrò dé, kò rí ohun tí yóò dì mú. Louis Miller àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1976. Àwọn baba ńlá wa ló fi àìní yìí sílẹ̀ fún wa. Mi ò mọ irú ogún mìíràn tó jẹ́ pé ohun tí kò sí ló ṣe àǹfààní.

Kì í ṣe odi tí ẹnì kankan kò lè gùn o. Ní Madagascar, lọ́dún 2010, wọ́n fi hàn pé vivax lè wọ ara àwọn tí kò ní Duffy, wọ́n sì ti rí irú rẹ̀ níbòmíràn ní Áfíríkà lẹ́yìn náà. Kòkòrò náà ń wá ojú ọ̀nà mìíràn.

Kòkòrò ibà tó ń dá wa dùbúlẹ̀ níbí, Plasmodium falciparum, kò tilẹ̀ fi ti Duffy ṣe. Ẹnu ọ̀nà tó mọ̀ lára awọ sẹ́ẹ̀lì pupa ju ẹyọ kan lọ. Tí wọ́n bá ti ọ̀kan mọ́ ọn, á gba ìkejì wọlé.